Gerhard Domagk, Baba Oògùn Sulfa

Ẹ̀yin arábìnrin wa ní Jos, bí ìtọ̀ bá ń ta yín tí ẹ sáré ra Septrin, iṣẹ́ Domagk wà nínú rẹ̀. (Kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ títa ni àtọ̀sí o!)

Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1895. Ní 1932, ó rí i pé aró pupa kan ń gba eku lọ́wọ́ kòkòrò àrùn. Ní 1935, abẹ́rẹ́ gún ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́. Ọwọ́ wú, àwọn dókítà fẹ́ gé e. Bàbá fún un ní aró náà. Wọn kò gé e mọ́.

Inú aró yìí ni sulfa ti jáde, tí wọ́n fi ń wo àrùn ilé-ìtọ̀ kí penisílíìnì tó dé ọjà. Hitler kò jẹ́ kí ó gba ẹ̀bùn Nobel 1939. 1947 ló tó gbà á. Ó kú ní 1964. Kòkòrò tí sulfa kò ràn mọ́ ti wá pọ̀ nílẹ̀ wa, ni dókítà fi ń kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ wò.