Claude Shannon: Ẹni Tí Ó Fi Ìṣirò Bá Tẹ́tẹ́ Jà

Ẹni tí ó ń ta tẹ́tẹ́ a máa rò pé orí ni ó ń jà fún òun. Bí ó bá jẹ, a ní orí òun jí. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, a di ẹ̀bi rù ú. Claude Shannon, ará Amẹ́ríkà, kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tí ó bá ń yí ṣe é wọ̀n, ohun tí a bá sì wọ̀n dáadáa, a lè fojú díwọ̀n ibi tí yóò balẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1916 ni a bí i ní Petoskey ní ìpínlẹ̀ Michigan, ó sì dàgbà ní ìlú kékeré Gaylord. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ kì í ti í dilẹ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí àgbẹ̀ fi ń sọgbà oko ni ó fi ṣe tẹligíráàfù tí ó ń lò láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti nǹkan bí ìlàjì máìlì. Ní ọdún 1936 ó gboyè méjì papọ̀ ní Yunifásítì Michigan, nínú ẹ̀rọ iná mànàmáná àti nínú ìṣirò. Ní ọdún 1948, nígbà tí ó wà ní Bell Labs, ó fi hàn pé iṣẹ́ yòówù tí a bá rán ni a lè fi àmì méjì péré wọ̀n: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá ti rí babaláwo tí ń tẹ ẹyọ kan tàbí méjì lórí ọpọ́n, títí odù yóò fi pé 256, kò ní ka èyí sí àjèjì.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, ọ̀dọ́ olùkọ́ ìṣirò kan, Edward Thorp, tọ̀ ọ́ lọ ní MIT nítorí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ káàdì. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn fi kan rùlẹ́ẹ̀tì. Nínú tẹ́tẹ́ yìí, a ń yí àwo ribiti kan tí ó ní ihò 38 ní Amẹ́ríkà, a sì ń ju bọ́ọ̀lù kékeré kan kí ó máa sáré yí i ká ní òdìkejì. Ìlọ́po 35 ni wọ́n ń san fún ẹni tí ó bá mọ ihò náà, nítorí náà onílé tẹ́tẹ́ ni èrè ń bá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn onílé tẹ́tẹ́ ṣì ń gba owó lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti ń sáré. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti rí àyè.

Wọ́n ra àwo rùlẹ́ẹ̀tì kan ní dọ́là 1,500, wọ́n gbé e sí yàrá abẹ́ ilé Shannon, wọ́n sì wọn eré bọ́ọ̀lù náà fún oṣù mélòó kan. Wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn ṣe kọ̀ǹpútà kan tí kò ju páálí sìgá lọ, tí ó ní tiransísítọ̀ 12. Ẹni tí ó so ó mọ́ra a máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì nínú bàtà bí àwo àti bọ́ọ̀lù bá ti ń kọjá; ẹ̀rọ náà a sì fi ohùn orin ránṣẹ́ sí etí ẹnìkejì, láti sọ ìdá kan nínú mẹ́jọ àwo tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ sí. Nínú ìṣirò wọn, èrè dọ́là 44 ni ó wà lórí 100.

Ní ọdún 1961 wọ́n kó aya wọn dání lọ sí Las Vegas. Ẹ̀rọ náà sọ òótọ́, ṣùgbọ́n wáyà etí, tí ó tín-ín-rín bí irun, ń já ṣáá. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ta á, wọn kò sì di ọlọ́rọ̀ nídìí rẹ̀. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà yìí ni a kà sí àkọ́kọ́ tí ènìyàn wọ̀ sára. Ní ọdún 1985 ìpínlẹ̀ Nevada fi òfin de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Àrùn ìgbàgbé ni ó mú ọkùnrin tí ó kọ́ ayé bí a ti ń wọn ìmọ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2001.

Ẹ̀yin olùkọ́, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, tàbí ní Nombakélé ní Libreville, a kò ní kí ẹ kọ́ ọmọ ní tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá tú rédíò baba rẹ̀ palẹ̀, ẹ bi í ní ohun tí ó rí nínú rẹ̀ kí ẹ tó na ọwọ́ sí pàṣán. Orílẹ̀-èdè tí kò mọ̀ ju kí ó ra ẹ̀rọ lọ yóò máa sin ẹni tí ó ṣe é.