Henry Thoreau àti Òdòdó Igbó Concord

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1817 ni a bí Henry David Thoreau ní Concord, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ pẹ́ńsù ni baba rẹ̀ ń ṣe. Thoreau kàwé jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Harvard ní ọdún 1837, ṣùgbọ́n kò lépa ipò ńlá. Ó ń bá baba rẹ̀ ṣe pẹ́ńsù, ó sì ń wọn ilẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Ẹni tí kì í fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣeré ni. Ní ọdún 1846, ó sun ẹ̀wọ̀n mọ́jú nítorí pé ó kọ̀ láti san owó-orí fún ìjọba tí ó fàyè gba ẹrú níní.

Nígbà òtútù, yìnyín a máa bo igbó Concord, púpọ̀ nínú igi a sì wọ́wé. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, oòrùn a ráyè tàn dé ilẹ̀ igbó. Nígbà náà ni àwọn òdòdó kéékèèké lẹ́bàá ọ̀nà ń yára tanná, kí ewé igi ńlá tó tún ṣíji bò wọ́n. Láti ọdún 1852 títí di 1858, Thoreau a máa rin àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kiri, a sì máa kọ ọjọ́ tí irú òdòdó kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ tanná sílẹ̀. Inú fìlà rẹ̀ ni ó ń kó wọn sí bọ̀ wálé. Irú òdòdó tí ó ṣọ́ báyìí lé ní 500. Ìwà ọ̀lẹ ni àwọn mìíràn ka ìrìn náà sí, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀.

Ó ń gbèrò àti to gbogbo àkọsílẹ̀ náà jọ, ṣùgbọ́n ikọ́ ife kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1862, ní ìgbà ìrúwé gan-an, ó kú ní ẹni ọdún 44.

Nígbà tí ó lé ní 140 ọdún, àwọn onímọ̀ tún ṣí àkọsílẹ̀ náà, wọ́n sì tún rin igbó Concord. Ní ọdún 2008, wọ́n fi hàn pé ooru ibẹ̀ ti pọ̀ sí i, àti pé púpọ̀ nínú òdòdó náà ti ń fi nǹkan bí ọjọ́ 7 ṣáájú àkókò tí wọ́n ń tanná nígbà ayé Thoreau. Ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú irú òdòdó tí ó rí ni a kò rí níbẹ̀ mọ́. Bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni ìbá mọ ohun tí ó ti sọnù? Iṣẹ́ tí a bá fi sùúrù ṣe kì í já sí asán, bí èrè rẹ̀ tilẹ̀ pẹ́.