Jerome, Olùtumọ̀ Bíbélì

Ní ọdún 382, Damasus, Bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, fi lé Jerome lọ́wọ́ láti tún Ìhìnrere ti èdè Látìnì ṣe, nítorí àwọn àdàkọ kò bá ara wọn mu. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀dó sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ó sì túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé láti inú èdè Hébérù. Èyí kọ Augustine lóminú, nítorí ìtumọ̀ tí a mú láti inú ti Gíríìkì ni Ìjọ ti ń kà tipẹ́. Ní Oea, ìlú kan ní Áfíríkà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé Jónà dá ìrúkèrúdò sílẹ̀. Jerome sùn nínú Olúwa ní ọdún 420. Ní ọdún 1546, Ìgbìmọ̀ Ìjọ Róòmù ní Trent fi òǹtẹ̀ lu Bíbélì Látìnì náà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ohun tí àwọn baba kọ̀ bí àjèjì ni àwọn ọmọ dì mú bí ogún.