Ramana Maharshi: Ẹni tó fi ìdákẹ́jẹ́ kọ́ni

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè ń tú wò lójoojúmọ́. Ẹni tí a mú ìtàn rẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí, ìdákẹ́jẹ́ ló fi kọ́ àwọn èèyàn.

Ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1879 ni wọ́n bí i ní Tiruchuli, ní gúúsù Íńdíà, láàrin àwọn tó ń sọ èdè Tamil. Venkataraman ni wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ kú ní 1892, ó bá lọ ń gbé lọ́dọ̀ arákùnrin bàbá rẹ̀ ní Madurai.

Ní oṣù Keje ọdún 1896, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ẹ̀rù ikú bà á lójijì, bẹ́ẹ̀ ni kò sàìsàn. Kò ké pe ẹnikẹ́ni. Ó dùbúlẹ̀, ó na ara gbọọrọ bí òkú, ó pa ẹnu dé, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá tí ara yìí bá kú, òun náà kú nìyẹn. Ó rí i pé ohun kan wà nínú òun tí ikú kò lè fọwọ́ kàn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ikú kò bà á mọ́.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó mú rupee márùn-ún lọ bá òun san owó ilé-ìwé. Ó mú mẹ́ta, ó fi méjì sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé pé kí wọ́n má wá òun. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ló dé Tiruvannamalai, ní ẹsẹ̀ òkè Arunachala. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nínú tẹ́ńpìlì ibẹ̀, ó jókòó sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan. Kòkòrò ń jẹ ẹ́ ní itan, kò mira.

Ní 1898, ìyá rẹ̀, Alagammal, wá a kàn. Ó sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ títí, ọmọ kò fọhùn. Nígbẹ̀yìn, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí a ti yàn kò ní ṣàì ṣẹ. Ìyá padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ìwà ìkà gbáà ni. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìyá sí ibẹ̀ ná.

Kí ni ẹ̀kọ́ rẹ̀? Ní nǹkan bí ọdún 1902, Sivaprakasam Pillai wá bi í ní ìbéèrè. Nítorí pé kò tíì máa sọ̀rọ̀, kíkọ ló ń kọ ìdáhùn. Àwọn ìdáhùn náà ló di ìwé tí à ń pè ní Nan Yar. Ní èdè Tamil, nan ni èmi, yar ni ta ni. Ó ní kí a má bá èrò jà. Bí èrò bá yọjú, kí a béèrè pé ta ló ń rò ó. Ìdáhùn ni pé èmi ni. Kí a tún béèrè pé ta wá ni èmi yìí? Bí ọkàn bá ń wá orísun rẹ̀ báyìí, á padà síbẹ̀, á sì rọlẹ̀. Mímójútó èémí náà máa ń mú ọkàn rọlẹ̀, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìbéèrè yìí fúnra rẹ̀ dà bí igi tí wọ́n fi ń ko iná tí wọ́n fi ń sun òkú: òun náà á jóná níkẹyìn.

Ní 1907, ọ̀mọ̀wé Sanskrit kan, Ganapati Muni, fún un ní orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Maharshi túmọ̀ sí aríran ńlá.

Ní 1916, ìyá padà wá, ó bá a gbé lórí òkè. Lọ́jọ́ tó kú, ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1922, ọmọ jókòó tì í látàárọ̀, ó fi ọwọ́ kan lé e láyà, ó fi ìkejì lé e lórí, títí ẹ̀mí fi bọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibojì ìyá yìí ló wá ń gbé. Ibẹ̀ ni Sri Ramanasramam wà dòní. Ìdákẹ́jẹ́ ọkàn kò pa ìfẹ́ ìyá lára rẹ̀.

Jẹjẹrẹ mú un ní apá òsì. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1950, ní ẹni 70 ọdún.

Ní èdè tiwa, fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ àti ohùn ìparí nìkan ló ya èmi sọ́tọ̀ sí ẹ̀mí. A kò ní ọ̀kan ló bí èkejì o! Àmọ́ ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́, tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè Ramana, àárín àwọn méjèèjì yìí ló ń wá.