Joseph Manton, Ọ̀gá Alágbẹ̀dẹ Ìbọn

Ní 1766 ni a bí Joseph Manton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ń rọ ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì tí àwọn ọlọ́lá ń du ara wọn rà. James Purdey, tí òkìkí tirẹ̀ náà kàn lẹ́yìn náà, ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Peter Hawker, jagunjagun tí ó fara gbọgbẹ́ ní ogun Talavera ní 1809, fẹ́ràn ìbọn rẹ̀ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n aáwọ̀ pẹ̀lú àwọn aláṣẹ ológun àti ẹjọ́ lórí àwọn ohun tí ó hùmọ̀ jẹ owó rẹ̀ run. Ní 1826, ó wọko gbèsè. Ní 1835, ó kú. Hawker kò gbàgbé rẹ̀: òun ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìrántí sí ibojì rẹ̀. Ọrọ̀ Manton ṣí lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò parun.