Mudaṣiru Lawal: Mẹkáníìkì Tó Di Òpó Àárín Pápá

Lójú ewé yìí tí a fi ń rántí àwọn ènìyàn wa tó ti lọ, a kò mú ọba wá lọ́tẹ̀ yìí, a kò sì mú olóṣèlú wá. Agbábọ́ọ̀lù ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Mudaṣiru Babátúndé Lawal, ẹni tí tẹrú-tọmọ ń pè ní Muda.

Ohun tó mú wa yàn án kò fara sin. Nígbàkigbà tí ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà bá dé, ilé wa níbí a máa kún. Àwọn ọmọ á wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, wọ́n á máa dárúkọ Kanu àti Jay-Jay Okocha bí ẹni pé ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. A kò lè bá wọn wí, nítorí ohun tí a kò bá sọ fún ọmọ, kò sí bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kí ife náà tó wọ ilé wa nígbà àkọ́kọ́ ní 1980, àwọn kan ti sáré fún un títí, wọ́n ti ṣubú, wọ́n sì ti dìde. Muda wà lára wọn.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, 1954. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́, iṣẹ́ títún mọ́tò ṣe. Nínú ẹgbẹ́ Green Eagles tó wá bá ṣeré, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti Pólì Ìbàdàn wá, Adokiye Amiesimaka sì kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó. Muda ní tirẹ̀, abẹ́ mọ́tò ló ti jáde wá. Lórí pápá, kò sí ẹni tó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ìlú Ìbàdàn ni òkìkí rẹ̀ ti kọ́kọ́ kàn, nínú ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars, ẹgbẹ́ tí Olóyè Lẹ́kan Sàlámì fi owó àti ọkàn rẹ̀ tì lẹ́yìn, tí wọ́n sì fi orúkọ olóyè náà pe pápá ìṣeré Adámásingba nígbẹ̀yìn. Ní oṣù Kejì 1976 ni ìjọba pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, tí Abẹ́òkúta di olú-ìlú Ògùn, tí Ìbàdàn sì di ti Ọ̀yọ́. Ìpínlẹ̀ pín, àmọ́ Shooting Stars kò pín. Ọmọ Ẹ̀gbá yìí dúró sí Ìbàdàn, àwọn ará Ìbàdàn sì gbà á bí ọmọ wọn. Lọ́dún kan náà, ẹgbẹ́ náà gba ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn nílẹ̀ Áfíríkà. Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá, ẹgbẹ́ tí Roger Milla ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ro ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì pọ̀, 4-2 ni Shooting Stars fi borí. Kò tíì sí ẹgbẹ́ kankan ní Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí kó tó di ọjọ́ náà.

Kí ìtàn yìí tó yé àwọn ọmọ wa, ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa ìdíje tó sọ Muda di olókìkí. Ní 1957 ni Ife Ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Khartoum, ní ilẹ̀ Sùdáànù. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta péré ló kópa: Sùdáànù, Ìjíbítì àti Etiópíà. Ó yẹ kí South Africa jẹ́ ìkẹrin wọn, àmọ́ òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò jẹ́ kí wọ́n lè kó dúdú àti funfun wá pọ̀, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò. Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ní 1963, nígbà tí wọ́n ṣe é ní Gánà. Ìjíbítì nà wá 6-3, Sùdáànù nà wá 4-0, a sì ká ẹrù wá sílé. Lẹ́yìn náà, ọdún 13 kọjá kí a tó tún fojú kan ìdíje náà. Ọdún 1976 tí a padà síbẹ̀ gan-an ni Muda wọlé.

Ilẹ̀ Etiópíà ni ti 1976. Àwọn tó ń retí wa kò retí ohun púpọ̀. Zaire ló ni ife lọ́wọ́ nígbà náà, a sì nà wọ́n 4-2. Nígbà tí ìdíje parí, Mòrókò ló gbé ife, Gínì ṣe ìkejì, Nàìjíríà sì ṣe ìkẹta. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n mú Muda lọ sí ìdíje Olympics ní Montreal, ní Kánádà. Ẹgbẹ́ náà dé ibẹ̀, àmọ́ wọn kò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rugby New Zealand ti lọ bá àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa ṣeré, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà sì ní àwọn kò ní bá New Zealand jókòó síbi kan. Nàìjíríà pe àwọn ọmọ rẹ̀ padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 tó ti dé ẹnu ọ̀nà Olympics ló yí padà sílé nítorí ọ̀rọ̀ tó ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ọdún 1977 mú ẹkún wá. Ẹnì kan ṣoṣo ni ilẹ̀ Áfíríkà lè fi ránṣẹ́ sí Ife Àgbáyé ti 1978, ó sì ku díẹ̀ kó jẹ́ àwa. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá, ní Sùúrùlérè, bọ́ọ̀lù ba orí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wa kan, ó sì wọ inú àwọ̀n wa. Tùnísíà ló jàǹfààní rẹ̀. Ibi tí a ti ń gbọ́ ariwo tẹ́lẹ̀ pa lọ́lọ́. Àwọn àgbà kan láàrin wa ṣì ń mi orí títí dòní bí a bá dárúkọ ọjọ́ náà.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, Muda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Gánà fún Ife Áfíríkà ti 1978. Ùgáńdà dá wọn dúró ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá pẹ̀lú 2-1. Ta ni wọ́n wá tún bá pàdé láti du ipò kẹta? Tùnísíà náà ni. Nígbà tí a dá góòlù kan padà tó di 1-1, àwọn Tùnísíà bínú sí ìpinnu rẹfirí, wọ́n sì fi pápá sílẹ̀ kí abala àkọ́kọ́ tó parí. Wọ́n fún wa ní ipò kẹta. Ìgbà kejì nìyẹn tí Muda gba ipò kẹta, síbẹ̀ ife kò tíì wálé.

Lẹ́yìn náà ni 1980 dé, ó sì jẹ́ pé ilé wa ni wọ́n ti ṣe é, ní Èkó àti Ìbàdàn. Gánà ti gba ife àtijọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di tiwọn, nítorí náà ife tuntun ni wọ́n ń dù, èyí tí wọ́n pè ní Ife Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Otto Glória, ọmọ Bràsíìlì tó kọ́ Portugal tí wọ́n fi ṣe ipò kẹta ní Ife Àgbáyé 1966, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa. Christian Chukwu ni balógun. Best Ogedegbe wà lẹ́nu àwọ̀n. Ọdẹ́gbàmí ń sáré ní apá ọ̀tún, Muda sì wà láàárín pápá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ àárín pápá yìí, nítorí àwọn ọmọdé kì í fẹ́ ṣe é. Ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni gbogbo ènìyàn ń kọrin fún. Ẹni àárín pápá ló ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀tá, tó ń gbé e fún ẹni iwájú, tó sì tún ń sáré padà wá ran àwọn ẹ̀yìn lọ́wọ́. Bí ó bá sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo ilé á tú. Ohun tí wọ́n fi mọ Muda ni pé kì í rẹ̀ ẹ́. Tí ó bá sì rí àyè, ó máa ń lọ gbá a wọlé fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, Muda ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní sínú àwọ̀n Tansaníà, ní ìṣẹ́jú 11. 3-1 ló parí sí. A ta ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Ivory Coast, a na Ìjíbítì 1-0. Fẹ́líìsì Owólabí gbá ẹyọ kan wọlé tó yọ Mòrókò kúrò lọ́nà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, pápá ìṣeré Sùúrùlérè kún bámúbámú, Ààrẹ Shehu Shagari wà níbẹ̀, Àlgéríà ló wà níwájú wa. Kí ẹlòmíràn tó jókòó dáadáa, Ọdẹ́gbàmí ti gbá ọ̀kan wọlé. Kí abala àkọ́kọ́ tó parí, ó fi ìkejì sí i. Nígbà tí wọ́n padà láti ìsinmi, ní ìṣẹ́jú 50, Muda gbá ìkẹta wọlé. Ó parí. 3-0. Mẹkáníìkì láti Abẹ́òkúta ló bẹ̀rẹ̀ góòlù Nàìjíríà nínú ìdíje náà, òun náà ló sì fi èyí tó kẹ́yìn dí i. Ìjọba fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ilé àti ọkọ̀, wọ́n sì fi oyè orílẹ̀-èdè dá wọn lọ́lá.

Ọ̀pọ̀ ìtàn ni ì bá parí síbẹ̀ yẹn. Ti Muda kò parí. Lọ́dún náà ó lọ sí Olympics ní Moscow, níbi tí a kò ti borí ẹnikẹ́ni. Ní 1981, Àlgéríà gbẹ̀san: wọ́n nà wá 2-0 ní Èkó, wọ́n tún nà wá 2-1 nílé wọn, wọ́n sì lọ sí Ife Àgbáyé dípò wa. Ní 1982 a gbé ife wa lọ sí Líbíà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. A na Etiópíà 3-0, àmọ́ Àlgéríà àti Sàmíbíà nà wá, a kò sì kọjá ìpele àkọ́kọ́. Àwọn tó jó nígbà tí ife wọlé kò jáde wá pàdé àwọn tó padà dé lọ́wọ́ òfo.

Ní 1984, nígbà tí Muda ń sún mọ́ ọmọ 30 ọdún, wọ́n tún pè é, ó sì tún lọ. Ivory Coast ló gbà wá lálejò. Adégbóyè Oníìgbìndé, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọdé tuntun bíi Stephen Keshi sì wà nínú ẹgbẹ́. Ìjíbítì fi góòlù méjì ṣáájú wọn ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, wọ́n dá méjèèjì padà, wọ́n sì fi pẹnárítì yege. Ní àṣekágbá ní Abidjan, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ta ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé? Muda ni, ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù dá a padà, wọ́n sì fi méjì lé e. 3-1 ni wọ́n fi gba ife lọ.

Ẹ bá wa kà á: 1976, 1978, 1980, 1982, 1984. Ìdíje márùn-ún láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ipò kẹta lẹ́ẹ̀mejì, ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan, ipò kejì lẹ́ẹ̀kan, àti ẹ̀ẹ̀kan tó bá òfo bọ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní àṣekágbá méjèèjì tó gbá. Wọ́n ka ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá fún Nàìjíríà sí 86. Ife Àgbáyé nìkan ni kò rí.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, 1991, Muda kú. Ọmọ ọdún 37 péré ni. Ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹrin 1994 a gba Ife Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ní Tùnísíà gan-an tó pa wá lẹ́kún ní 1977. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ní Amẹ́ríkà, Ràṣídì Yẹ̀kínì gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé. Shooting Stars ti Ìbàdàn ni Yẹ̀kínì náà ti gba kọjá. Ẹni tó ro oko kò sí nílé nígbà tí wọ́n jẹ iṣu tuntun.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ 11 oṣù Kejì, 2024 fi dùn wá lọ́nà méjì. Nàìjíríà tún wà ní àṣekágbá, ní Abidjan kan náà. A tún kọ́kọ́ gbá a wọlé, wọ́n sì tún dá a padà, Ivory Coast borí pẹ̀lú 2-1. Àwọn ọmọ wa sọkún, wọ́n rò pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ti ṣẹlẹ̀, ní ogójì ọdún ṣáájú. Ademola Lookman wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù bí ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa, tó yàn láti wọ ẹ̀wù Nàìjíríà. Lóṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀wù tó wọ̀ yẹn, irú àwọn Muda ló ti fi òógùn wọn rẹ ẹ́.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ìdíje bá tún dé tí ilé yín bá kún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ Muda Lawal fún àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó gba ife lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí i gbà, ó sì tún padà lọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn rẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ Mudaṣiru Lawal sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ní irú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í rẹ̀. Àmín.