Guccio Gucci: Alágbàárù Tí Ó Di Oníṣẹ́ Awọ

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fi Sábó Gàrí, Samaru àti Túdún Wàdá ní Zaria ṣe ibùgbé, ẹ kò ní ṣàìmọ orúkọ Gucci. Ó wà lára ọ̀pọ̀ báàgì tí àwọn obìnrin wa ń gbé lọ sí òde ìgbéyàwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò dé ilé iṣẹ́ olórúkọ náà rí. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn rán báàgì awọ ní àfiwé ti òyìnbó, àwọn ni ìtàn ọkùnrin yìí kàn jù.

Ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì ni a bí i sí ní ọdún 1881. Fìlà tí a fi koríko hun ni iṣẹ́ baba rẹ̀, owó kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nídìí rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́ ó dágbére fún ilé, ó forí lé Lọ́ńdọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti dágbére fún Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí òkè Ọya. Hótẹ́ẹ̀lì Savoy ni ó gbà á síṣẹ́. Ẹrù àwọn àlejò ni ó ń rù. Alágbàárù ni, kí a má fi bò. Níbẹ̀ ni ó ti mọ irú àpótí àti báàgì tí olówó ń rà.

Ó padà sílé, ó bá àwọn oníṣẹ́ awọ ṣiṣẹ́, ó sì ti tó ẹni ogójì ọdún kí ó tó ṣí ilé ìtajà tirẹ̀ ní Florence ní ọdún 1921.

Ní ọdún 1935 àwọn ọmọ ogun Mussolini kọlu Ethiópíà. Àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi òfin dí ọjà Ítálì, awọ sì wọ́n gógó. Guccio kò ti ilẹ̀kùn ìtajà rẹ̀. Aṣọ kíki tí a fi fọ́nrán ewéko hun ní Naples ni ó fi rán báàgì, ó wá fi ìwọ̀nba awọ ṣe etí rẹ̀. Lẹ́yìn ogun ńlá kejì, tí nǹkan tún ṣọ̀wọ́n, ọparun ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ fi iná tẹ̀, tí wọ́n fi ṣe ọwọ́ báàgì, ní ọdún 1947. Báàgì yẹn ni ó gbé orúkọ wọn kiri ayé.

Ohun tí ó máa ń ya òǹkọ̀wé yìí lẹ́nu ni pé àmì G méjì tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ báàgì lọ́jà kò sí nígbà ayé Guccio. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n mú un jáde ní ẹ̀yìn ọdún 1960. Èwo ni ti ẹni tí ó wà ní Zaria tí ń jí àmì? Awọ ewúrẹ́ pupa tí àwọn májẹ́mà ń fi èso bagaruwa ṣe ń bẹ nítòsí, ilé ìwádìí awọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Samaru. Ítálì gan-an wà lára àwọn tí ń ra awọ òkè Ọya. Kí a fi páálí gé ìwọ̀n ná. Kí a yẹra fún awọ ikùn ẹran, nítorí a máa fẹ̀. Kí a lu ihò rẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba. Òwú kan tí a fi ìda oyin pa ni kí a fi abẹ́rẹ́ sí ní orí méjèèjì, kí abẹ́rẹ́ méjèèjì máa pàdé nínú ihò kan náà. Bí ojú kan bá já, ìyókù kò ní tú, bẹ́ẹ̀ ni rírán ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ báàgì ni ó sì ń kọ́kọ́ bàjẹ́: ìlọ́po awọ méjì ni kí a fún un.

Guccio kú ní Milan ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1953. Àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ jà lórí ogún náà títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ọdún 1993 kò sí ẹnìkan nínú ìdílé náà tí ó ní ìpín níbẹ̀ mọ́. Ní ti báàgì ọlọ́parun, iná ni wọ́n ṣì fi ń tẹ ọwọ́ rẹ̀ títí di òní.